Yàrá Tó Ṣeé Tì Látinú

1.

…àti pé kì í ṣe ẹjọ́ òun, òfin ọ̀gá òun ni. Obìnrin tó bá dá wá, àwọn kì í fún un ní yàrá.

Jeremy ló ń jẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà lára ike funfun tó fi há àyà. Kò wojú Fàósátù bó ṣe ń sọ ọ́. Fóònù rẹ̀ ló ń wò.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni Fàósátù. Ó ti bímọ mẹ́ta, ó ti sin ọkọ kan. Aṣọ iléèwé ló ń rán ní Ìwó, àti pé nínú àwọn tó wọ̀ ọ́, àwọn kan ti di dókítà. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Tuesday, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Apakun, ọmọ tó kéré sí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti kọ́kọ́ wò ó láti ìborùn dé bàtà, ó ń rò ó bóyá aṣẹ́wó ni.


2.

Ìwé tó wà lára ògiri lẹ́yìn Jeremy. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bó ṣe yé Fàósátù rèé:

ÀKÍYÈSÍ
OBÌNRIN TÓ DÁ WÁ: RÁRÁ.
ỌKÙNRIN TÓ DÁ WÁ: Ẹ KÚ ÀBỌ̀, SÀ.
OÚNJẸ ÌTA: RÁRÁ.
OWÓ TÓ BÁ TI WỌLÉ KÒ JÁDE MỌ́.
ỌLỌ́RUN Á BÙ KÚN YÍN.

Ìlà tó sọ ti ọkùnrin kò sí lára ògiri. Fàósátù ló fi kún un.


3.

Ohùn tí Nimotallahi, ọmọ rẹ̀, fi ránṣẹ́ láti Oman ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Fàósátù ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún.

"Màámi, ẹ kú ilé. Flight mi máa balẹ̀ ní aago kan ọ̀sán Tuesday. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lọ sí Èjìgbò. Mi ò lọ sílé Bàbá Èjìgbò rárá, mi ò fẹ́ fojú kàn wọ́n. Ẹ bá mi gba yàrá kan nítòsí airport, èmi pẹ̀lú yín nìkan. Àmọ́ kó jẹ́ èyí tó ṣeé tì látinú. Màámi, odidi ọdún mẹ́rin, ìta ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Tí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Tí mi ò bá rí fọ́tò yẹn, mi ò ní jáde. Inú airport níbẹ̀ ni màá jókòó sí."


4.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ, nítorí inú ń bí èmi tí mò ń to àwọn ìwé yìí náà, ọwọ́ mi sì ń da nǹkan rú.

Bàbá Èjìgbò ni Gàfárù, ẹ̀gbọ́n Fàósátù. Bàbá kan, ìyá kan. Ọdún mẹ́jọ ló fi jù ú lọ. Ilé rẹ̀ ní Èjìgbò ni gbogbo ẹbí ń dé sí bí wọ́n bá ti Ìwó wá sí Èkó. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, òun ló mú Sùlè wá sí ẹnu ọ̀nà Fàósátù. Sùlè ní iṣẹ́ títọ́jú ọmọ wà nílé olówó kan ní Oman, àti pé Nimotallahi á máa lọ síléèwé nírọ̀lẹ́. Gàfárù ní òun dúró fún Sùlè. Fàósátù dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro ó.

Kò sí iléèwé kankan nírọ̀lẹ́. Ilé alájà mẹ́ta ni, èèyàn mọ́kànlá, ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n gba fóònù rẹ̀. Ní ọdún kejì, ó rí fóònù ẹlòmíràn lò. Nọ́ńbà ẹnì kan péré ló mọ̀ sórí, ti Gàfárù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é, ó ń sunkún. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni Gàfárù ní kó ṣe sùúrù, kó má dójú ti òun lọ́dọ̀ Sùlè.

Gàfárù kò sọ fún Fàósátù pé ọmọ rẹ̀ pè. Oṣù tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, lẹ́nu ọmọ fúnra rẹ̀, nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ parí, tí wọ́n dá fóònù padà fún un. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.


5.

ÀGBO ILÉ ALÁGBẸ̀DẸ, ÌWÓ
(ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí, èèyàn mẹ́tàlélógójì)

7:12 GÀFÁRÙ: Àlàáfíà fún gbogbo ẹbí. Lónìí ni ọmọ wa Nimotallahi ń bọ̀. Ilé mi ní Èjìgbò ni gbogbo wa máa pàdé. Mo ti ra ẹran.

7:15 ỌLÁYANJÚ: Máṣá Allah. Ẹ kú ìnáwó, sà.

7:20 GÀFÁRÙ: Alàájì Sùlè náà á wà níbẹ̀. Ó ní ibòmíràn ti wà nílẹ̀ fún ọmọ náà, Kuwait, owó ibẹ̀ dáa ju ti Oman lọ. Kó kàn fi oṣù méjì sinmi. Fàósátù, sọ fún un kó mú passport dání, Alàájì fẹ́ rí i.

7:21 Fàósátù ń tẹ̀…

7:24 Fàósátù ń tẹ̀…

7:29 FÀÓSÁTÙ: Àmín.


6.

Kì í ṣe àmín ló fẹ́ kọ.


7.

Láti inú ìwé tí Fàósátù fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Lẹ́yìn ìwọ̀n ọmọkùnrin kan (èjìká 14, àyà 28, gígùn ṣòkòtò 31):

Onígéètì pupa, Apakun. Wọ́n lé mi.

Olómi-títú, ọ̀nà airport. Omi ń tú níwájú ilé wọn, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń mu ún. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin fún alẹ́ kan. Ọmọbìnrin ibẹ̀ fi ìkẹ́dùn rẹ́rìn-ín sí mi. Kó fi ìkẹ́dùn rẹ̀ pamọ́ fún ìyá rẹ̀.

Òkè ilé tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò, Òṣòdì. Wọ́n ní wákàtí mélòó. Mo ní títí di Friday. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀. Mo ní kí n rí ilẹ̀kùn. Wọ́n ti yọ irin ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Wọ́n ní nítorí ìjà.

Èyí tí Nimotallahi rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Ìsọlọ̀. Nínú fọ́tò: bẹ́ẹ̀dì funfun, òdòdó, wíńdò tí oòrùn ń gbà wọlé. Ní ojúkojú: bẹ́ẹ̀dì náà ni, òdòdó náà ni (ike ni), wíńdò náà dojú kọ ògiri. Ilẹ̀kùn dáa. Kọ́kọ́rọ́ ti sọnù. Máníjà ní òun fúnra òun á máa bá wa tì í láti ìta.

Láti ìta.

Mo bú u.


8.

Ìmọ̀ràn fún ẹni tó bá ń wá yàrá gbà nílùú ńlá. Èmi tí mò ń to ìwé yìí ni mo kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́.

Wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí o tó wo bẹ́ẹ̀dì.
Ṣí omi. Dúró. Omi tó kọ́kọ́ jáde, àfihàn lásán ni.
Bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn náà, bi ẹlòmíràn níbẹ̀ ní ìbéèrè kan náà.
Má gba fọ́tò gbọ́.
Bó o bá jẹ́ olówó, a óò pè ọ́ ní màdáámù. Bó o bá jẹ́ tálákà, a óò bi ọ́ pé ta lo wá bá.
Bó o bá jẹ́ obìnrin, yá ọkùnrin kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Dá a padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún ọ ní kọ́kọ́rọ́.


9.

Ìwé tó yẹ kó wà níbí, mo fà á ya. Èébú ló kún inú rẹ̀.


10.

Orí fóònù, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Fàósátù dúró lábẹ́ búrẹ́jì Òṣòdì, ó fi ọwọ́ kan di etí.

GÀFÁRÙ: Fàósá, ibo lo dé?
FÀÓSÁTÙ: Mo ti wà l'Óṣòdì, Bọ̀dá mi. Ẹ kú àárọ̀, sà.
GÀFÁRÙ: Kí lò ń ṣe l'Óṣòdì títí di ìsìnyí?
FÀÓSÁTÙ: Òwú ìránṣọ ni mò ń wò.
GÀFÁRÙ: Òwú, lónìí? Fàósá. Kí ni mo gbọ́ lẹ́nu Ọláyanjú? Ó ní o pe òun lánàá, o ń béèrè òtẹ́ẹ̀lì tí ò wọ́n.
FÀÓSÁTÙ: Ọ̀rọ̀ ò yé Ọláyanjú dáadáa ni, sà.
GÀFÁRÙ: Òtẹ́ẹ̀lì! Ṣé ẹ ò nílé l'Ékòó ni? Kí làwọn ará Ìwó fẹ́ máa sọ? Pé mo lé àbúrò mi síta? Obìnrin àgbà, nílé aṣẹ́wó?
FÀÓSÁTÙ: Kò sóhun tó jọ ọ́, Bọ̀dá mi.
GÀFÁRÙ: Ó dáa. Èmi fúnra mi á gbé mọ́tò wá sí airport. Aago mélòó ló ń balẹ̀?
FÀÓSÁTÙ: (ó mú fóònù kúrò létí)
GÀFÁRÙ: Hẹ̀lóò?
FÀÓSÁTÙ: Aago mẹ́rin.
GÀFÁRÙ: Mẹ́rin. Mo gbọ́. Network yìí burú o.


11.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pa irọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé nìyẹn. Ó retí kí ojú ti òun. Ojú kò tì í. Inú ló túbọ̀ bí i, pé òun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí òun tó pa á.


12.

Abórìṣàdé Lodge. Ó wà nínú àdúgbò kan lẹ́yìn Apakun, níbi tí ariwo bàálù kò ti jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà ní ìdí tábìlì, Morọ́lá, ará Ìkéré-Èkìtì.

MORỌ́LÁ: Ẹ káàbọ̀, mà.
FÀÓSÁTÙ: Mo dá wá.
MORỌ́LÁ: Mà?
FÀÓSÁTÙ: Mo ní mo dá wá. Obìnrin ni mí, mi ò mú ọkùnrin kankan dání. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ tètè lé mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí.
MORỌ́LÁ: Ah-ah. Ta ló lé yín? Màmá, ẹ jókòó. Ẹ gba omi tútù.
FÀÓSÁTÙ: Ilẹ̀kùn yín ńkọ́? Ṣé ó ṣeé tì látinú?
MORỌ́LÁ: Ó ní kọ́kọ́rọ́, ó tún ní irin tí ẹ máa fà sí i. Solid.
FÀÓSÁTÙ: Kí n rí i.

Yàrá kẹfà ni, ní òkè. Fàósátù wọlé, ó ní kí Morọ́lá dúró síta. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó fa irin. Ó ní kí Morọ́lá tì í wọlé. Ó ní kó fi èjìká sí i. Morọ́lá rò pé màmá yìí ń ṣeré, ó rọra kàn án. "Mo ní kó o tì í bí ẹni tó fẹ́ jà!" Morọ́lá ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ jà. Ilẹ̀kùn kò mira.

Fàósátù jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní òun gbà á.


13.

FỌ́Ọ̀MÙ ÀLEJÒ

Orúkọ: Fàósátù Àjíbíkẹ́
Ibi tí ẹ ti ń bọ̀: Ìwó
Iṣẹ́: Aránṣọ
Iye èèyàn: 2
Iye ọjọ́: 3
Ohun tí ẹ bá wá: Ọmọ mi
Ẹni tí a lè pè nípa yín, àti nọ́ńbà rẹ̀: Alàájì Gàfárù, ẹ̀gbọ́n mi. 080


14.

Nọ́ńbà náà pé níbẹ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kọ ọ́ tán.

Ẹ dúró ná kí ẹ tó bú u. Fọ́ọ̀mù wo ló ti kọ rí láyé tí kì í ṣe orúkọ yìí ló wà níbẹ̀? Ọjọ́ tó lọ bí Nimotallahi ní ọsibítù, Gàfárù ni. Ọjọ́ tó mú ọmọ lọ síléèwé, Gàfárù ni. Báńkì, ẹgbẹ́ aránṣọ, ibi tí wọ́n gbé òkú ọkọ rẹ̀ sí, Gàfárù ni. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, ibikíbi tí ìwé bá ti béèrè pé ta ló ni ọ́, orúkọ ọkùnrin yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ. Bàálù ń kọjá lórí, ó ti rẹ̀ ẹ́, aago méjìlá ti kọjá, ọkàn rẹ̀ ti wà ní airport. Ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́. Ó fi bírò sílẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun kọ nǹkan kan.

Inú ń bí mi.


15.

12:31 FÀÓSÁTÙ: (fọ́tò: kọ́kọ́rọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́)

1:44 NIMOTALLAHI: Mo ti rí i. Mò ń jáde bọ̀.


16.

Nimotallahi jáde ní airport nínú abáyà dúdú, báàgì kan ṣoṣo ló gbé. Ó ti rù débi pé Fàósátù kọ́kọ́ wo ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ kì í purọ́ lórí ìwọ̀n: nǹkan bí ínǹṣì mẹ́rin ti lọ níbàdí ọmọ òun.

NIMOTALLAHI: Màámi, ta ló tún mọ̀?
FÀÓSÁTÙ: Kò sẹ́nì kankan.
NIMOTALLAHI: Ẹ búra.
FÀÓSÁTÙ: Mo fi Ọlọ́run búra.


17.

Yàrá kẹfà. Nimotallahi fa irin. Ó ṣí i. Ó tún fà á. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀meje, Fàósátù ń kà á lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní bẹ́ẹ̀dì ti rọ̀ jù. Fàósátù gbé ìrọ̀rí, ó dùbúlẹ̀ tì í. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni.

"Màámi, ẹ máa sọ nǹkan," ni ọmọ náà wí. "Ohunkóhun. Kí n kàn máa gbọ́ Yorùbá."

Fàósátù bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n aṣọ àwọn ọmọ iléèwé fún un láti inú ìwé. Kí ó tó ka ọmọ kẹrin, Nimotallahi ti sùn.


18.

Òfin Abórìṣàdé Lodge: gbogbo nọ́ńbà tí àlejò bá kọ, kí wọ́n pè é lọ́jọ́ kan náà, kí ó lè dájú. Láti ìgbà tí àlejò kan ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọn ò rí ará ilé rẹ̀ pè.

MORỌ́LÁ: Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ṣé Alàájì Gàfárù nìyẹn? Abórìṣàdé Lodge l'Ápakun la ti ń pè. Màmá Fàósátù fi nọ́ńbà yín sílẹ̀. We just dey confirm ni, sà.
GÀFÁRÙ: Lodge kẹ̀?
MORỌ́LÁ: Wọ́n ti dé láyọ̀, sà, àwọn àti ọmọ wọn. Wọ́n ti ń sinmi.
GÀFÁRÙ: Ọmọ wọn. Ó ti balẹ̀.
MORỌ́LÁ: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.
GÀFÁRÙ: O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á bá ẹ tọ́jú tìẹ náà. Fún mi ní àdírẹ́sì.

Inú rere ni Morọ́lá fi fún un. Ó tilẹ̀ ṣàlàyé ibi tí wọ́n á ti yà.


19.

ÀGBO ILÉ ALÁGBẸ̀DẸ, ÌWÓ

3:02 GÀFÁRÙ: Ẹ wá gbọ́ o. Òtẹ́ẹ̀lì ni Fàósátù gbé ọmọ wa lọ. Aago mẹ́rin ló sọ fún mi. Èmi àti Alàájì Sùlè ti wà lọ́nà.

3:03 ỌLÁYANJÚ: Subuhanallahi. Òtẹ́ẹ̀lì kẹ̀?

3:05 ỌLÁYANJÚ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bóyá orí rẹ̀ ò pé mọ́.

Èèyàn mọ́kàndínlógójì ló ka èyí. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí.


20.

Fóònù yàrá dún. Fàósátù gbé e kíá kí ọmọ má bàa jí.

MORỌ́LÁ: Màmá, ẹ̀gbọ́n yín ti dé o. Wọ́n wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú Alàájì kan. Ṣé kí wọ́n máa gòkè bọ̀?
FÀÓSÁTÙ: Ẹ̀gbọ́n mi wo?
MORỌ́LÁ: Alàájì Gàfárù, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú fọ́ọ̀mù.

Fàósátù wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ì bá já ìka mẹ́ta náà jù sílẹ̀, àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, àti èyí tó wà láàárín, àwọn tó fi di bírò mú.

FÀÓSÁTÙ: Wọn ò gbọdọ̀ gòkè. Èmi ni mò ń bọ̀.

Nimotallahi ti jókòó. Kò béèrè ẹni tó dé. Ojú tó fi wo ìyá rẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ wa wò wá bẹ́ẹ̀.

FÀÓSÁTÙ: Èmi ni mo fà á. Ọwọ́ mi ni. Má sọ̀rọ̀. Ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi.


21.

Fàósátù sọ̀kalẹ̀ láìsí ìborùn. Láìwọ bàtà.


22.

Àtẹ̀gùn náà tóóró, ẹnì kan ló lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Gàfárù dúró nísàlẹ̀ nínú jálàbíà funfun, tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Sùlè dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó há fáìlì kan sí abíyá. Morọ́lá ti dìde nídìí tábìlì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e pé nǹkan kan bàjẹ́.

Nínú ilé wọn, àbúrò obìnrin kì í la ẹnu bá ẹ̀gbọ́n ọkùnrin sọ̀rọ̀ kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. Bó bínú o, bó dùn ún o, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Bó bá ti wà nílẹ̀ tán, inú á rọ̀, ẹ̀gbọ́n á ní kó dìde, ọ̀rọ̀ á parí síbi tí ẹ̀gbọ́n bá parí rẹ̀ sí. Gàfárù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti pèsè "dìde, dìde" sẹ́nu, ó ń dúró.

GÀFÁRÙ: Fàósá.
FÀÓSÁTÙ: (ó dúró lórí àtẹ̀gùn, kò kúnlẹ̀)
GÀFÁRÙ: Ṣé o ò rí mi ni?
FÀÓSÁTÙ: Mo rí yín.
SÙLÈ: Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù…
FÀÓSÁTÙ: Ìwọ, pa ẹnu ẹ dé.
GÀFÁRÙ: Orí ìdúró lo ti ń bá mi sọ̀rọ̀? Lójú àlejò?
FÀÓSÁTÙ: Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta, Gàfárù.

Tẹ̀sùbáà dúró. Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan ṣáájú láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú.


23.

GÀFÁRÙ: Kúrò lọ́nà. Mo fẹ́ rí ọmọ mi.


24.

Ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Fàósátù fi ọwọ́ ọ̀tún di irin àtẹ̀gùn mú, ó fi ọwọ́ òsì ti ògiri. Ó na orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Kò kúnlẹ̀.

Gàfárù gbé ẹsẹ̀ lé ìkejì. Fàósátù kò yẹ̀ fún un.